Ẹsẹ̀ Arìnmádélé

Bí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà yẹn, ẹ ó mọ Arìnmádélé. Ọkùnrin ẹlẹ́sìn tó fárí kodoro nì, tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní fọwọ́ kan ìbọn láéláé, tó wá ń fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ àwọn kábọ́ì káàkiri torí ó ń wá ibi tí wọ́n sin olùkọ́ rẹ̀ sí. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí po, á tún dé ìlú eléruku mìíràn. Àwọn jàǹdùkú agẹṣin kan á fín in níràn, á bẹ̀ wọ́n, wọn ò ní gbọ́, á wá fi kọngfú kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Tó bá lù wọ́n tán, á tẹrí ba fún wọn bí ẹni tó ń kí àna rẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kì í kún ẹnu ọmọdé. Ìrìn ló ń rìn ṣáá.

Ẹ mọ ojú rẹ̀, ẹ mọ ohùn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè wa di gbajúmọ̀ débi pé kò lè jáde lọ ra búrẹ́dì kí wọ́n má dá a dúró pé kó wí ohun kan. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà náà, ta ló bèèrè ẹni tó ni ẹsẹ̀? Obìnrin ló ni ín. Opó ni, ó sanra díẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń ké bí ológbò ló ń gbé, Ìyá Òkè sì ni gbogbo ará ilé ń pè é.

Kí ó lè yé yín: èdè ilẹ̀ òkèèrè ni fíìmù náà ń sọ nígbà tó bá dé. Kí wọ́n tó lè fi èdè wa sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ tàtijọ́ kúrò, bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́, gbogbo ariwo tó wà níbẹ̀ náà bá a lọ nìyẹn. Ẹṣin ń sáré bí òjìji. Wọ́n gbá èèyàn létí, àfi bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ pa á lára. Èèyàn ní láti jókòó kó tún gbogbo ariwo ayé dá láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀gá ibẹ̀ sì ni Bàbá Ìsàlẹ̀.

Bàbá Ìsàlẹ̀ ni a ń pè é torí pé abẹ́ Ìyá Òkè gan-an ló ń gbé. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, tó bá fẹ́ jókòó, àga á kọ́kọ́ ráhùn. Etí rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń fò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí yóò máa gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin yìí lórí àjà. Ó mọ ẹsẹ̀ tí ó fi ń ru omi, ó mọ èyí tí ó fi ń bá ọkọ rẹ̀ jà nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Ọ̀sẹ̀ tí ọkọ náà kú, ó gbọ́ bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe dúró sójú kan nítòsí fèrèsé, tí wọn ò mọ ibi tí wọn yóò yà sí. Ó fẹ́ẹ̀ sunkún lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó gòkè wá kan ilẹ̀kùn, ìjà ni Ìyá Òkè rò pé ó bá wá. Ó ti múra ẹnu sílẹ̀ dè é.

“Ìyá Òkè, ẹsẹ̀ yín ló gbé mi wá,” ni Bàbá Ìsàlẹ̀ wí.

“Ẹ mà jọ̀ọ́ o. Mi ò níyẹ̀ẹ́, mi ò lè fò. Ẹni tó bá wà lókè gbọ́dọ̀ tẹlẹ̀.”

“Ìjà kọ́ ni mo bá wá. Ẹ wá bá mi rìn níbi iṣẹ́. Ẹni tó ń bá wa rìn tẹ́lẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń rìn bákan náà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Àtolè àtọlọ́pàá.”

Bí Ìyá Òkè ṣe di ẹsẹ̀ Arìnmádélé nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Àpótí ni wọ́n tò sílẹ̀: iyanrìn wà nínú ọ̀kan, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú òmíràn, ewé gbígbẹ wà, pákó wà. Wọ́n ti fi fómù bẹ́ẹ̀dì àlòkù dí fèrèsé. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má bàa wọ inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ooru á sì máa sè wọ́n bí ẹ̀wà. Ìyá Òkè kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀gbà ọwọ́. Kò gbọdọ̀ fi ebi wọ yàrá, kò sì gbọdọ̀ yó jù, nítorí pé inú èèyàn máa ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kì í sì í mọ ọ̀rọ̀ inú yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí Arìnmádélé bá gbá jàǹdùkú létí, Ìyá Òkè á fi aṣọ tútù na ẹ̀yìn àga aláwọ. Bí egungun bá dá, á ṣẹ́ kárọ́ọ̀tì. Ẹ ó ti jẹ kárọ́ọ̀tì rí, ẹ ò mọ̀ pé egungun ọ̀tá lẹ ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ìrìn ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Á wọ sálúbàtà tí wọ́n fi okùn hun, á dúró sínú àpótí iyanrìn, á kọjú sí àwòrán. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ló ń wò, ó sì ń pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà gbogbo, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fà lọ́wọ́. Nígbà tó yá ló rí i pé èjìká ló yẹ kóun máa wò. Èjìká èèyàn ti máa ń lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbéra. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń rìn, òun àti olórí kodoro yẹn, tí abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn kọjá.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe ń fẹnu sọ lọ. Nílé bàbá rẹ̀, wọ́n máa ń ní kó rọra rìn, obìnrin kì í tẹlẹ̀ gìrìgìrì. Nílé ọkọ rẹ̀, wọ́n tún ní kó rọra, bàbá ń sùn. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ rọra. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe Arìnmádélé, á ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ní òpin òpópónà, á máa rìn lọ lábẹ́ fèrèsé àwọn èèyàn, á sì máa gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bó ṣe ń jáde láti ilé dé ilé, gbogbo ilé ń gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ní kó rọra. Inú rẹ̀ á dùn débi pé á gbàgbé láti ra nǹkan tó torí rẹ̀ jáde.

Inú àpótí òkúta ni wàhálà ti wá. Àfọ́kù ìgò kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ó gún sálúbàtà já, ó wọ ọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, kò sì mọ̀ ọ́n lára, àfi ìgbà tó rí i pé okùn bàtà ti tutù fún ẹ̀jẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó dì í. Egbò náà kọ̀, kò san. Dókítà tó lọ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó mi orí.

“Màmá, àtọ̀gbẹ ni. Òun ni ò jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n lára, òun náà ni ò jẹ́ kó jinná. Ẹ gbọ́dọ̀ wá dùbúlẹ̀ níbí ká tọ́jú ẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, a máa gé e.”

“Mo gbọ́, dókítà,” ni Ìyá Òkè wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó délé, ó ní òun ò ní fi ṣúgà sí tíì mọ́, ó ra ìpara, ó sì padà síbi iṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bú u. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí òun bá jókòó pẹ́nrẹ́n, ẹlòmíràn á wọ sálúbàtà náà, kò sì sí ẹni tí yóò padà wá pe arúgbó pé kó wá rìn.

Kò pẹ́ tí egbò náà fi jinlẹ̀ dé ibi tí ara ti ń mọ ìrora, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ìyá Òkè tiraka kó má hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í bojú àánú wo ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni Arìnmádélé, tó ń rìn gbọnrangandan nínú àwòrán, bẹ̀rẹ̀ sí í tiro létí àwọn èèyàn. Ojú wọn ń sọ pé ara rẹ̀ le, etí wọn ń sọ pé nǹkan kan ń dùn ún. Etí ni wọ́n gbà gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan kó lè fẹsẹ̀ náà sinmi díẹ̀. Ó gbọ́ wọn nínú ilé.

“Ọta ìbọn ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀,” onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. “Ọjọ́ tí wọ́n lé e dórí afárá yẹn ni.”

“Mo wò ó lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó yìnbọn sí i lẹ́sẹ̀,” ni ẹni tí wọ́n ń fá lórí dáhùn.

“Ṣé dandan ni kó o rí i ni? Etí ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ọ ni? Ọkùnrin gidi nìyẹn. Ó ń jẹ̀rora, kò fọhùn. Ìwọ tí abẹ bá kàn ẹ́ létí lásán, o máa ké dé ilé ìyá ẹ.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Òkè náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri, omi sì lé rò-rò sójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín báyẹn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣe tíṣà, wá kí i ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìyá Òkè ti jókòó sójú kan kó tó dé, ó fi ìró bo ẹsẹ̀, kò sì dìde títí ọmọ fi lọ.

“Màmá, gbogbo ọmọ kíláàsì mi ló ti ń tiro,” ni ọmọ náà wí. “Wọ́n ní Arìnmádélé làwọn. Kí lẹ ṣe fún ọkùnrin yẹn?”

“Ìwọ náà máa wò ó,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Bó ṣe máa parí ò tíì hàn.”

Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbọ́ pé ẹsẹ̀ títiro náà ń pe èrò jọ sídìí àwòrán. Ó pe Bàbá Ìsàlẹ̀, ó ní kí wọ́n má tún un ṣe o, kó máa tiro lọ títí fíìmù náà yóò fi parí. Bàbá Ìsàlẹ̀ jíṣẹ́ náà fún Ìyá Òkè láìwo ojú rẹ̀.

Ibí yìí ni obìnrin yìí ti ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ kí ẹ fojú àánú wò. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí egbò bá wà, iṣẹ́ wà. Àárọ̀ ọjọ́ kan tó jí, tí wíwú ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, tó ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti àná lọ, ẹ̀rù ló bà á. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ rìn láti ìdí ààrò dé ẹnu ilẹ̀kùn, lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí tó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kò sẹ́ni tó rí i. Ìyẹn ló rò.

Bàbá Ìsàlẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́. Ó ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ìgbà tí ẹsẹ̀ kan kọ́kọ́ wúwo ju èkejì lọ, ó gbọ́ ìgbà tó ń di ògiri mú rìn, ó wá gbọ́ ìgbà tí kò sí ẹsẹ̀ mọ́ rárá ní àṣálẹ́, tó jẹ́ pé àga ló ń tì síwájú kó tó lè dé ilé ìwẹ̀. Ó gbé ìrọ̀rí, ó fi bo etí. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ̀rọ̀, nítorí pé iṣẹ́ náà ń dára, kò tíì dára bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ojú sì ń tì í pé ohun tó ń rò nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ibi tí Arìnmádélé ti gun òkè olókùúta ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ìyá Òkè rìn ín parí. Bàbá Ìsàlẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn dígí tó ya yàrá ẹ̀rọ sọ́tọ̀ pé ó ṣeun. Ó ṣílẹ̀kùn wọlé, ó bá a tó di etí tábìlì mú, òógùn bò ó. Òórùn kan wà nínú yàrá náà tí kì í ṣe ti ooru. Òkúta wẹ́wẹ́ inú àpótí ti tutù, ó ti pọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Ìsàlẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá kan ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ bí àga ṣe ń wọ́ bọ̀ kí ó tó ṣí.

“Ìyá Òkè, ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáńláká tọ alábẹ lọ. Tiyín yìí, alábẹ ló ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ dìde, ká lọ sílé ìwòsàn.”

“Ọ̀gá àgbà ní kó máa tiro.”

“Ọ̀gá àgbà kì í gbé lábẹ́ yín. Èmi ni mò ń gbébẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, mo dákẹ́. Ẹ foríjì mí.”

Ìyá Òkè jókòó. Ó wo ẹsẹ̀ tó dì. “Tí mo bá lọ, ta ló máa bá a rìn?”

“Èmi ni.”

Pẹ̀lú gbogbo ìrora náà, ẹ̀rín pa á. “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rìn bọ̀, tí àwo máa ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi?”

Bàbá Ìsàlẹ̀ kò jà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìdí àga lọ sídìí fèrèsé, ikùn rẹ̀ ṣáájú, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyá Òkè kò lè mú un mọ́ra.

“Ẹ rọra! Ta ló ń lé e? Ọkùnrin yẹn ò lẹ́ni tó ń retí ẹ̀ níbì kankan. Ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀. Èjìká ẹ̀ lẹ máa wò, ẹ má wo ẹsẹ̀. Ẹ tún un rìn.”

Ó tún un rìn. Ó tún un rìn títí ojú rẹ̀ fi ń dán fún òógùn. Ó ń sunwọ̀n sí i, ọ̀rọ̀ Ìyá Òkè sì ń dínkù, títí tó fi kan pé ẹkún ló ń sun.

“Ẹ ò tiro,” ló wí. “Ẹ tiro díẹ̀, kó lè bá tàná mu.”

“Mi ò ní tiro. Tí mo bá tiro, ẹsẹ̀ yín ni wọ́n á tún máa wá. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti jinná. Tí ọ̀gá àgbà bá bèèrè, mo máa ní ọkùnrin náà lo oògùn.”

“Ẹ jẹ́ kí n bá a parí ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó débi tó ń lọ.”

“Rárá,” ni Bàbá Ìsàlẹ̀ wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ pe tákísí láìwọ bàtà.

Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ìyá Òkè méjì. Dókítà sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé bí wọ́n bá pẹ́ sí i, odidi ẹsẹ̀ ni ì bá lọ, bóyá ẹ̀mí náà ì bá sì tẹ̀ lé e. Ọmọ náà bínú sí ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ń bínú, ó ń fún un lọ́bẹ̀ mu. Ìyá Òkè dùbúlẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù tó kún fún obìnrin, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, ó ń wo òrùlé.

Tẹlifíṣọ̀n kan wà ní kọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù náà. Nígbà tí àkókò Arìnmádélé tó, nọ́ọ̀sì lọ yí ohùn rẹ̀ sókè, gbogbo bẹ́ẹ̀dì sì dákẹ́. Ìyá Òkè di ojú. Kò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n etí kò ní ìpéǹpéjú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bó ṣe ń bọ̀ lórí iyanrìn. Ẹsẹ̀ ẹni tó tóbi ni. Ó ń yára ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Owú jẹ ẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, owú jẹ ẹ́ gan-an.

“Ẹ gbọ́!” ni ẹnì kan ké láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. “Kò tiro mọ́!”

“Irọ́ ni!”

“Ẹ tẹ́tí yín! Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti jinná!”

Wọ́ọ̀dù bá dàrú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì gbé àwo oògùn sílẹ̀ ó jó, obìnrin kan tí wọn ò ní kó rẹ́rìn-ín nítorí okùn tí wọ́n fi rán ikùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa òun. Ìyá arúgbó tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, na ọwọ́ gígùn jáde lábẹ́ aṣọ, ó fi kan Ìyá Òkè.

“Ìyá, ẹ ò yọ̀ ni? Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ni mo ti ń bá a gbàdúrà. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ọ, mi ò lè sùn. Mo ní, Ọlọ́run, ẹni tó ni ẹsẹ̀ yìí ń jìyà, má jẹ́ kí wọ́n gé e.”

Ìyá Òkè la ojú. Ó di ọwọ́ náà mú. Ohùn rẹ̀ kéré tó fi jẹ́ pé ìyá arúgbó náà ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ọ.

“Wọn ò gé e,” ló wí. “Ẹ ṣeun, ìyá mi. Wọn ò gé e.”